Ọmọ Tí A Gbàdúrà Wọ Yunifásítì: Ta Ni Yóò Dúró Tì Í?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ìdàpọ̀ wa ní Imota, tí a sì tún kọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa

Bíbélì kíkà: Dáníẹ́lì 1:3-20, 1 Àwọn Ọba 19:1-8

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí àsìkò ìdánwò JAMB bá ti ń súnmọ́, a máa ń gbàdúrà gidigidi fún àwọn ọmọ wa ní agbègbè Ìkòròdú yìí. A máa ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé, a máa ń gba ààwẹ̀, wọ́n á sì gbé bírò wọn sókè kí pásítọ̀ lè gbàdúrà sí i. Nígbà tí orúkọ ọmọ bá jáde, ìyá rẹ̀ á wọ aṣọ tó dára, á jó wá síwájú, gbogbo ìjọ á sì bá a dúpẹ́. Èyí dára púpọ̀. Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà yẹ fún ọpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdúpẹ́. Ọmọ á di fóòmù tí yóò máa sùn lé, á di bọ́kẹ́ẹ̀tì, sítóòfù àti gàrí, ó di inú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìbéèrè méjì péré ni a máa ń bi í lórí fóònù: "Ṣé owó náà ti wọlé?" àti "Èsì ìdánwò ńkọ́?" Bóyá ọmọ náà ń sùn dáadáa, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo, bóyá ẹnì kan wà nínú gbogbo ilé-ìwé náà tó mọ orúkọ rẹ̀, a kì í béèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, òun náà ni n ó sì máa sọ títí n ó fi jókòó. Ọmọ tí a bá gbàdúrà wọ ilé-ìwé gíga, ojúṣe wa ni láti dúró tì í ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ, pẹ̀lú ibùgbé, àti pẹ̀lú ènìyàn. Ẹ má pè é ní àánú lásán. Ìdájọ́ òdodo ni.

DÁNÍẸ́LÌ, AKẸ́KỌ̀Ọ́ ỌDÚN ÀKỌ́KỌ́

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Dáníẹ́lì orí kìíní. A fẹ́ràn láti wàásù nípa ihò kìnnìún, ṣùgbọ́n kí Dáníẹ́lì tó dé ihò kìnnìún, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n mú un kúrò ní ìlú rẹ̀, wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ tí wọn kò ti ń sọ èdè rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Èdè tuntun, ìwé tuntun, oúnjẹ tuntun. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ pàápàá, wọ́n pa á dà. Ta ni nínú wa tí irú èyí kò ní mì lọ́kàn?

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́ta nínú ìtàn náà. Èkíní, Dáníẹ́lì kò dá wà. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n jọ wá láti Júdà, wọ́n sì jọ ṣe ìpinnu kan náà. Èkejì, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú wọn. Ní èdè òde òní, a lè pe ìríjú náà ní òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí àwọn ọmọ wa mọ̀ sí Student Affairs. Nígbà tí Dáníẹ́lì gbé ìṣòro oúnjẹ lọ bá a, kò jágbe mọ́ ọn, kò sọ pé, "Ṣé ìwọ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ níbí?" Ó gbọ́ tirẹ̀, ó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá, ó yẹ ojú wọn wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá náà, ó sì yí ètò oúnjẹ wọn padà.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo bí orí náà ṣe tò. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti yanjú ni Bíbélì tó sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ àti òye ní ẹsẹ 17, lẹ́yìn náà ni ó tó sọ ní ẹsẹ 20 pé ọba rí i pé wọ́n fi ìlọ́po mẹ́wàá sàn ju àwọn yòókù lọ. Àwa, ẹsẹ 20 ni àdúrà tiwa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Ìlọ́po mẹ́wàá!" ni a máa ń pariwo. Orí tábìlì oúnjẹ ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀.

ILÉ-ÌWÉ WÀ NÍ ẸNU-Ọ̀NÀ WA

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ló kan Imota nínú èyí? Àgbẹ̀ ni wá." Lóòótọ́, ìlú àgbẹ̀ ni Imota, gbogbo Nàìjíríà sì gbọ́ orúkọ wa nígbà tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ní 2023. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká yín. Ní 2007 ni ìjọba àpapọ̀ fún Caleb University ní ìwé àṣẹ, ilẹ̀ Imota níbí ni ó sì wà, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Itoikin. Bí ẹ bá lọ sí ọ̀nà Ṣàgámù, ẹ ó bá ilé-ìwé tí a mọ̀ sí Lagos State Polytechnic tẹ́lẹ̀, tó di Lagos State University of Science and Technology ní 2022. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Lagos State University ní ọgbà kan níbẹ̀. Ní Noforija, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a fi orúkọ Michael Otedola pè di ara Lagos State University of Education ní 2022 kan náà. Ní Ilara-Ẹ̀pẹ́, àwọn ìjọ Kátólíìkì ní Augustine University.

Nítorí náà, ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, bí a mọ̀ bí a kò mọ̀. Ọmọ tiwa tí a rán lọ sí Adó-Èkìtì tàbí Ìlọrin, àlejò ni lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Ọmọ àwọn ẹlòmíràn tó ń ra omi inú ike lọ́wọ́ yín, tó ń gun ọ̀kadà yín, tó ń sanwó ilé fún yín, àlejò ni lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ rántí pé Olúwa kò pàṣẹ fún Ísírẹ́lì nípa opó àti aláìníbaba nìkan. Ó fi àlejò tó wà nínú ibodè wọn kún un.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ SỌ NÍPA ÀWỌN ỌMỌ WA

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ ìlera ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí ni ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lórí rẹ̀ ti wáyé. Dókítà kan láti Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè ní "brain fag". Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí mo bá ṣàpèjúwe rẹ̀. Orí á máa gbóná tàbí kí ó máa ta ọmọ náà, á dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú á máa ṣú, ọmọ á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìwé kò ní wọlé. Prince kíyèsí i pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ru ẹrù tó ju ọjọ́ orí wọn lọ, nítorí pé àwọn ẹbí ti dáwó jọ fún wọn, gbogbo ẹbí sì ń retí pé àwọn ni yóò gbé ilé dìde.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufemi Morakinyo ti Ifẹ̀ tún wo ọ̀rọ̀ náà. Ó so ó mọ́ àìsùn, àti àwọn nǹkan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má bàa kùn wọ́n. Ní 2015, Dókítà Oyedeji Ayonrinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ orúkọ àìsàn náà. Wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó ní Bìrìtìkó ti ń lo orúkọ yìí kan náà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fún àárẹ̀ ọpọlọ àwọn ènìyàn tiwọn. Ẹ̀yin ará, èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe orí dúdú ni kò gba ìwé. Ẹnikẹ́ni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn, tí oorun kò sì tó o, orí rẹ̀ á gbóná.

Nígbà tí ọmọ bá dé láti ilé-ìwé tó ní, "Màámi, orí ń gbóná mi, ìwé kò wọlé mọ́," kí ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa? "Ọfà ni! Àwọn ará abúlé ti rí i!" Èmi kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ẹni tó bá ka Bíbélì kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó dá ayé lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a béèrè wákàtí mélòó ni ọmọ náà fi sùn lánàá, kí a béèrè ohun tó jẹ, kí a béèrè ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwádìí mìíràn tún wà. Ní 2006, Dókítà Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì kan jáde nípa akẹ́kọ̀ọ́ 1,206 ní yunifásítì ní Nàìjíríà. Nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, ó lé díẹ̀ ní mẹ́jọ tó ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan o; àìsàn gidi tí dókítà mọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó bá a rìn, wọ́n rí sìgá àmujù àti ọtí àmujù, wọ́n rí i pé ọmọ tó ti inú ẹbí tó pọ̀ gan-an wá wà nínú ewu jù, wọ́n sì rí wàhálà ibùgbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin onílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ ibùgbé yẹn sọ́kàn, n ó padà wá bá yín.

Ní gbogbo àgbáyé ńkọ́? Ìwádìí kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé wà nínú rẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, bá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ tó tó 14,000 sọ̀rọ̀ ní yunifásítì 19, ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. South Africa ni ó dúró fún Áfíríkà nínú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 35 ni àmì fi hàn pé wọ́n ti ní ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ọkàn tó wọ́pọ̀ rí láyé wọn. Ẹ ka ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì, ẹyọ kan nínú wọn. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ máa wo ọmọ tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìgbàgbọ́. Èlíjà ní ìgbàgbọ́. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti bọ́ láti ọ̀run, ó lọ jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó sì bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí òun kú. Ọlọ́run kò bá a wí. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó tún jí i kí ó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn èyí ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè.

BÍ ẸRÙ ṢE BỌ́ SÓRÍ ỌMỌ

Nígbà tí wọ́n ṣí University College ní Ìbàdàn ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ilé-ìwé ni ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá, òun náà ni ó ń bọ́ ọ. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i tí owó ìjọba sì ń dín kù, ẹrù náà bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lórí ilé-ìwé. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí 1978. Ìjọba ológun fi owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí ìgboro, "Ali Must Go" ni wọ́n ń pariwo, nítorí Ahmadu Ali ni kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n yìnbọn, ẹ̀mí sì lọ. Owó oúnjẹ ni o! Lẹ́yìn náà, ètò oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú yẹn kógbá sílé pátápátá.

Láti ìgbà náà, ọmọ ló ń dáná fún ara rẹ̀, ọmọ ló ń wá ilé fún ara rẹ̀, ọmọ ló ń wá owó ọkọ̀. Ìjọba ṣe òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní 2023, wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù kẹrin 2024. Àjọ NELFUND ń san owó ilé-ìwé fún àwọn tó bá béèrè ní ilé-ìwé ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn ní 20,000 náírà lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Ó dára, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa béèrè fún un. Ṣùgbọ́n ètò náà kò kan ọmọ tó wà ní ilé-ìwé aládàáni, ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ sí ọjà Ìkòròdú mọ ibi tí 20,000 lè gbé ènìyàn dé nínú oṣù kan.

OHUN TÍ Ó TI ṢIṢẸ́ NÍBÒMÍRÀN

Mo fẹ́ sọ nípa ìwádìí méjì láti Amẹ́ríkà, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe kò ju agbára ìjọ lọ.

Èkíní: ní 2011, Gregory Walton àti Geoffrey Cohen tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ 92, dúdú àti funfun, ní yunifásítì kan. Fún bíi wákàtí kan péré, wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kà. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí àwọn dé, àwọn rò pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi àwọn, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó kọjá. Àwọn ọmọ náà wá fi ẹnu ara wọn sọ irú rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àlàfo tó wà láàrín máàkì àwọn ọmọ dúdú àti ti àwọn funfun ti dín kù sí ìdajì láàrín àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà, ara àwọn ọmọ dúdú náà sì le sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Àwa ni a ni ín! Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rí wo ni a máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́? Ẹni tó gboyè kíláàsì kìíní ni a máa ń pè síta. Ẹni tó sunkún ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́ tó sì dúró, a kì í pè é. Ọmọ tó ń sunkún lọ́wọ́lọ́wọ́ á wá rò pé òun nìkan ni.

Èkejì: City University of New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2007 tí wọ́n ń pè ní ASAP, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olùgbani-nímọ̀ràn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n san èyí tó kù nínú owó ilé-ìwé, wọ́n ràn án lọ́wọ́ lórí ìwé kíkà, wọ́n sì fún un ní káàdì ọkọ̀ lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n fi ìbò yan àwọn tó wọ ètò náà, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí ìbò kò mú, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú ọgọ́rùn-ún ti parí nínú ètò náà. Nínú àwọn yòókù, 22 péré ni. Owó ọkọ̀, ìwé, àti ènìyàn kan. Ẹ wo bí ó ṣe súnmọ́ ìtàn Dáníẹ́lì.

OHUN TÍ ÌDÀPỌ̀ WA GBỌ́DỌ̀ ṢE

Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ tí kò bá sí iṣẹ́, ariwo ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun márùn-ún tí apá wa ká.

1. Ẹ mọ orúkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ orúkọ ọmọ tó dá wà ni ó máa ń jèrè rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kiri. Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì náà mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí ìjọ kò fi mọ̀ ọ́n? Bí ọmọ ìjọ wa bá ń lọ sí ìlú mìíràn, kí a pe ìjọ kan níbẹ̀ kí ó tó gúnlẹ̀, kí a sì sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé ìlú wa, kí ìdílé kan nínú wa gbà á bí ọmọ fún ọdún kan. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Sunday, ìpè kan láàrín ọ̀sẹ̀, ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ̀yin onílé, mo ti padà dé. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí a bá wá gba ti ọdún méjì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí a tún fi owó àgbàsọ àti owó ìwé àdéhùn lé e, kí ni ó kù tí ọmọ náà yóò fi jẹun? Ìwádìí ti sọ fún wa pé wàhálà ibùgbé ń bá àìsàn ọkàn rìn. A kò lè gba ìdámẹ́wàá lórí owó tó ń pa ọmọ ẹlòmíràn lára, kí a sì pè é ní ìbùkún.

3. Ẹ jẹ́ kí a ní àpò oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà àti epo kò wọ́n wa lọ́wọ́ bíi ti àwọn ará ìgboro, nítorí pé ilẹ̀ oko ni a wà. Kí ó jẹ́ oṣooṣù, kí a sì fún ọmọ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má pè é síwájú ìjọ láti fi hàn pé ẹ ṣe é lóore. Ìtìjú lè pa ebi mọ́ ọmọ nínú títí yóò fi dùbúlẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́rìí òtítọ́. Lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ti wà ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin jókòó pẹ̀lú àwọn tuntun, kí wọ́n sọ bí ó ṣe le tó, bí ó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

5. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ibi ìjìyà ni ọ́fíìsì Student Affairs. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ibùgbé, ìmọ̀ràn àti àlàáfíà akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ. Ìdàpọ̀ wa lè fi ọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà, kí a béèrè pé: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni olùgbani-nímọ̀ràn kan ń bójú tó? Ṣé ibi ìtọ́jú aláìsàn ń ṣí lóru? Ta ni ọmọ tuntun lè lọ bá láìbẹ̀rù pé wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Béèrè kì í ṣe ìjà. Dáníẹ́lì béèrè.

BÍ Ó BÁ DI WÀHÁLÀ

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí parí, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, JAMB fúnra wọn jáde wá sọ pé àṣìṣe ti wọ inú èsì ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kàn, ní Èkó wa yìí àti ní apá ìlà-oòrùn, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Kí wọ́n tó kéde rẹ̀, ọmọ mélòó ni wọ́n ti pè ní olódo nínú ilé wọn? Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu, ta ni yóò tún un ṣe? Èsì ìdánwò kì í ṣe ọmọ. Nọ́ńbà lè ṣìnà. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ bí.

Bí ọmọ bá sọ fún yín pé ayé sú òun, ẹ má pariwo, ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní fi èrò sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín lè darí yín. Yábàá ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀, LUTH ní Ìdí-Àràbà náà ní àwọn dókítà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dènà ìpara-ẹni, Arọ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta bó ṣe wà láyé Prince. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá dá yín dúró. Òfin ọ̀ràn dídá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ilé-ẹjọ́ rán an lọ. Ní oṣù kìíní 2023 sì ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà. Ẹ gbàdúrà nínú ilé ìwòsàn. Áńgẹ́lì tó gbé àkàrà wá fún Èlíjà kò ní bínú sí dókítà.

ÀDÚRÀ

Ẹ jẹ́ kí a dìde, kí a gbàdúrà mẹ́ta yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù sì fi iṣẹ́ kan tì í lẹ́yìn.

Olúwa, fún gbogbo ọmọ tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní Imota, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ènìyàn kan tí yóò mọ orúkọ wọn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, rán mi.

Olúwa, fi ojú rere sí ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé, bí o ti fi sí ọkàn ẹni tó tọ́jú Dáníẹ́lì, kí wọ́n lè gbọ́ igbe ọmọ kékeré.

Olúwa, gba owó wa, ilé wa àti ìkòkò ọbẹ̀ wa lò, kí àlejò tó wà nínú ibodè wa má bàa sunkún sí ọ nítorí wa.

Akọ̀wé ìdàpọ̀ ti ṣí ìwé kan sílẹ̀. Ẹ̀yin ìdílé tó bá fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọdún kan, ẹ kọ orúkọ yín sí i kí ẹ tó lọ ilé. Ọlọ́run yóò bùkún yín. Àmín.